ỌJỌ́ KARÙN-ÚN NÌKAN NI KỌ̀ǸPÚTÀ RÍ

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka wa

  

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ní kí àwa aṣojú yín wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó oṣù Karùn-ún ọdún 2025 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí oríṣiríṣi ìtàn ló ń jà ràn-ìn ní kantíìnì. Ẹlòmíràn ní akọ̀wé owó ló kó owó wa jẹ. Ẹlòmíràn ní ọ̀gá àgbà ló pàṣẹ pé kí wọ́n gé ófátáìmù. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ní àwa aṣojú ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an la fẹ́ sọ lónìí. A ó sì sọ àṣìṣe tiwa mọ́ ọn, nítorí àwa náà ṣe àṣìṣe.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, àwọn ọ̀gá sọ fún wa pé àwọn máa pààrọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ìdí tí wọ́n sọ kì í ṣe irọ́. Microsoft, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe Windows, ti kéde pé ìtọ́jú Windows 10 máa dópin lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows yìí ni ètò tó ń gbé gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gbé ọkọ̀. Bí ìtọ́jú bá dópin, ihò tí àwọn olè orí kọ̀ǹpútà bá rí, kò ní sí ẹni tó máa bá wa dí i. Windows 11 ló rọ́pò rẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò sì lè gbé e. Nítorí náà wọ́n ra tuntun. Àwa kò takò wọ́n. Òṣìṣẹ́ tó bá ní òun kò fẹ́ irinṣẹ́ tuntun, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò béèrè. A kò béèrè pé ta ni ó máa dán kọ̀ǹpútà náà wò kí owó wa tó gba inú rẹ̀ kọjá. Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ nìyẹn.

Òpin oṣù Kẹrin ni àwọn kọ̀ǹpútà náà dé. Nígbà tí owó oṣù Karùn-ún jáde, ariwo sọ. Owó oṣù fúnra rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ófátáìmù ti wọlẹ̀. Ẹni tó ṣe ogójì wákàtí lé lórí iṣẹ́ rẹ̀ rí owó wákàtí mẹ́rin gbà. Àwọn tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ gan-an, tí àdéhùn wa ní kí wọ́n san ìlọ́po méjì fún, kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí ọjọ́ náà. Ìyá kan wà ní ẹ̀ka ìdìpọ̀, opó ni. Owó ọjọ́ yẹn ló ti fi ọkàn sí pé òun máa fi kún owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ òun. Ó dúró lẹ́nu géètì, ìwé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ náà kò ní pe ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lásán.

IBI TÍ A TI ṢÌNÀ

Kí ni àwa aṣojú ṣe? A dìde fùú, a já lu ọ́fíìsì owó. A pariwo mọ́ akọ̀wé owó, ọ̀kan nínú wa sì pè é ní olè lójú gbogbo ayé. Akọ̀wé ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, kọ̀ǹpútà ló ṣírò ó." A pe ẹni tó wá to kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀. Òun ní ẹ̀rọ òun kò lárùn kankan, pé àwa òṣìṣẹ́ ni kò tẹ ìka wa dáadáa sára aago ẹnu géètì. Òṣìṣẹ́ tì í sí akọ̀wé, akọ̀wé tì í sí kọ̀ǹpútà, onímọ̀ ẹ̀rọ tún gbá a padà sí òṣìṣẹ́, bíi bọ́ọ̀lù.

Àgbà mẹkáníìkì kan nínú ẹgbẹ́ wa ló pè wá jókòó. Ó ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ó ní bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ wá bá òun, tí awakọ̀ ní àná ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, òun kì í kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnì. Òun á béèrè pé, "Kí ni ẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn?" Ó ní kí a kó ìwé owó jọ, kí a wò ó pọ̀, kí a yé jà.

A kó ìwé owó ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n jọ, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì kantíìnì. Ọpẹ́lọpẹ́ arákùnrin kan tó ń darí ẹ̀rọ ní ṣífítì kejì. Láti ọdún pípẹ́ ló ti ń kọ wákàtí rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tó máa ń wà lápò rẹ̀, tí a máa ń fi ṣe é yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ di adájọ́. Ó kà á fún wa: ó ṣe ófátáìmù lọ́jọ́ 1, ọjọ́ 5, ọjọ́ 8, ọjọ́ 12, ọjọ́ 14, ọjọ́ 20 àti ọjọ́ 27. Wákàtí mẹ́rin tí wọ́n san fún un jẹ́ iye wákàtí tó ṣe lọ́jọ́ 5 gẹ́lẹ́. A yẹ ti ẹlòmíràn wò, ọjọ́ 5 náà ni. Ẹni tí kò ṣe ófátáìmù lọ́jọ́ 5 kò rí ohunkóhun gbà. Gbogbo mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ olè ló jí owó, olè kì í fi ọjọ́ kan náà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ pé a kò tẹ ìka dáadáa ni, kò lè jẹ́ pé ọjọ́ 5 nìkan ni ìka gbogbo wa mọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣàyẹ̀wò ọjà ló wá sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ karùn-ún nínú oṣù karùn-ún kọ́ ni? Ṣé kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà ń fi ọjọ́ pe oṣù?"

OHUN TÓ ṢELẸ̀ NÍNÚ KỌ̀ǸPÚTÀ

A padà lọ bá akọ̀wé owó. Lọ́tẹ̀ yìí a kan ilẹ̀kùn. Ohun tí a bá nìyí.

Aago ẹnu géètì ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ bí àwa ṣe ń kọ ọ́ ní Nàìjíríà: ọjọ́ ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọdún kẹ́yìn. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù ni wọ́n ń fi ṣáájú. Nígbà tí wọ́n to kọ̀ǹpútà tuntun sílẹ̀, wọ́n fi í sí ìlànà Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tó yí i padà. Nítorí náà, nígbà tí Excel, ètò tí akọ̀wé fi ń ṣírò, ṣí fáìlì aago, ó rí 01/05/2025, ó kà á sí ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní. Ó gbé owó ọjọ́ òṣìṣẹ́ wa lọ sí oṣù Kìn-ín-ní tí a ti san owó rẹ̀ kọjá. Ó rí 12/05/2025, ó kà á sí ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá. Ẹ ò rí nǹkan? Kọ̀ǹpútà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ti ṣiṣẹ́ nínú ọyẹ́, nígbà tí òjò oṣù Kẹfà kò tí ì rọ̀.

Nígbà tó wá dé 13/05/2025, kò sí oṣù kẹtàlá láyé. Nítorí náà ó kà á sí ọ̀rọ̀ lásán bí ẹni pé orúkọ ènìyàn ni, ohun tí ó bá sì ti kà sí ọ̀rọ̀, kì í fi ka ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ 13 títí dé ọjọ́ 31 ṣe pòórá. Ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún nìkan ni bí a bá kà á síwájú tàbí sẹ́yìn, ọ̀kan náà ni. Òun nìkan ló là á já.

Akọ̀wé fi àmì kan hàn wá tí ẹnikẹ́ni lè fi ojú rí. Nínú Excel, bí ẹnì kan kò bá tò ó lọ́nà mìíràn, ohun tó gbà pé ó jẹ́ ọjọ́ tàbí iye máa ń fara ti apá ọ̀tún àpótí rẹ̀. Èyí tó kà sí ọ̀rọ̀ máa ń fara ti apá òsì. Ọjọ́ 1 dé ọjọ́ 12 wà lọ́tùn-ún, ìyókù wà lósì. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú ló fo ó.

Àtúnṣe rẹ̀ ńkọ́? A yí ìlànà kọ̀ǹpútà sí ti Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìyẹn nìkan kò tó. Fáìlì tí wọ́n ti ṣí, tí wọ́n sì ti tọ́jú pẹ̀lú ọjọ́ tó ti yí, kò ní dá ara rẹ̀ tún ṣe. A ní láti padà sídìí aago, kí a gba àkọsílẹ̀ tuntun, kí a ṣí i lákọ̀tun. Ọpẹ́ ni pé aago náà kò tí ì pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Akọ̀wé ṣiṣẹ́ mọ́jú, méjì nínú wa jókòó tì í, a ń fi ìwé kékeré arákùnrin yẹn yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án wọ́n san gbogbo ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ owó náà. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ìyá wa ti pẹ́, owó àjẹmọ́nú tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá a ló fi dí i.

A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ akọ̀wé owó nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Lójú gbogbo ayé la ti bú u, nítorí náà lójú gbogbo ayé la tún fi ń bẹ̀ ẹ́ lónìí. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, àwa la sì ṣe é lọ́jọ́ náà.

ÀWỌN ÀRÙN MÌÍRÀN TÓ BÁ A WÁ

Kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo ló wọlé. Àwọn mẹ́ta kan kò rí owó wọn gbà rárá, báńkì dá a padà. Nọ́ńbà báńkì ní Nàìjíríà, mẹ́wàá ni, tiwọn sì fi òdo bẹ̀rẹ̀. Excel kà á sí iye, ó sì gé òdo iwájú dànù, nítorí òdo tó wà níwájú iye kò wúlò lójú rẹ̀. Mẹ́wàá di mẹ́sàn-án. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n sọ fún ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ni nọ́ńbà báńkì, kì í ṣe iye tí à ń ṣírò.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kọ̀ láti tẹ ìwé. Onímọ̀ ẹ̀rọ ní kò ní dẹ́rẹ́bà. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín, orúkọ tí wọ́n ń pe ètò kékeré tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìyẹn. Wọ́n gba èyí tó bá Windows tuntun mu, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ti ẹ̀yin awakọ̀ gan-an ni owó ìrìn. Ètò tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ ti pẹ́, inú Excel àtijọ́ ni ẹnì kan kọ ọ́ sí. Office àtijọ́ náà jẹ́ ti 32-bit. Láti ọdún 2019, ti 64-bit ni Microsoft ń kọ́kọ́ gbé fún ènìyàn. Bí ìgbà tí a bá gbé gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ kan sára ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mìíràn ni, ihò bóòtì kò ní dọ́gba. Ètò náà kọ̀ ní ṣíṣí, ó sì kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n tún òun kọ. Ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n tún àwọn ìlà tó ń fa ìjà kọ, tàbí kí wọ́n gbé Office ti 32-bit sórí kọ̀ǹpútà tuntun. Èkejì ni wọ́n ṣe, owó ìrìn sì jáde.

Ẹ fiyè sí ìyàtọ̀. Àrùn owó ìrìn pariwo, nítorí náà wọ́n tètè tọ́jú rẹ̀. Àrùn ọjọ́ dákẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ ìwé owó tó mọ́ tónítóní jáde. Àrùn tó dákẹ́ ló yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà wá.

KÌ Í ṢE ÀWA NÌKAN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí pé a wà ní Nàìjíríà ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2020, nígbà àrùn kòrónà, àwọn onímọ̀ ìlera ń kó àbájáde àyẹ̀wò sínú fáìlì Excel oríṣi àtijọ́, tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Nígbà tí ó kún, ìyókù kò wọlé. Láàárín ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án àti ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, 15,841 aláìsàn ló ṣubú kúrò nínú ìṣirò, àwọn tó sì ti fara kàn wọ́n kò tètè gbọ́.

Èyí tó burú jù ni ti ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn, Post Office. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Horizon, tí Fujitsu ń bójú tó, lọ sí àwọn ẹ̀ka kéékèèké. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó dín. Wọ́n ní kí àwọn tó ń ṣàkóso ẹ̀ka fi owó ara wọn dí i. Ó ju 900 ènìyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn kan kú kí òtítọ́ tó jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sọ pé, nígbà tí àwọn pè láti fẹjọ́ sùn, wọ́n ní, "Ìwọ nìkan ni ó ń ṣe." Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alan Bates ló kó wọn jọ, tí wọ́n rí i pé kò sí ẹni tó dá nìkan wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2019, adájọ́ sọ ọ́ pé àbùkù wà nínú Horizon. Lọ́dún 2024, ìjọba ṣe òfin tó fagi lé ìdálẹ́bi ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn: "Ìwọ nìkan ni." Bí olúkúlùkù wa bá ti gbé ìwé owó rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà, ohun tí wọn ì bá sọ fún wa nìyẹn. Orí tábìlì kantíìnì ni a ti rí i pé kì í ṣe ẹnì kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

BÍ A Ó ṢE MÁA WÁ ÌDÍ ÀRÙN

Nígbà tí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máa gbà á ní ẹsẹẹsẹ.

Èkíní, ẹ béèrè ohun tí wọ́n yí padà kẹ́yìn, àti ọjọ́ tí wọ́n yí i.

Èkejì, ẹ béèrè ta ló kàn. Ṣé ẹnì kan ni, tàbí ẹ̀ka kan, tàbí gbogbo wa? Ẹ má wo èyí tó bàjẹ́ nìkan. Ẹ wo èyí tó dára pẹ̀lú, nítorí ọjọ́ 5 tó dára ló tú àṣírí tiwa.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà àkọ́kọ́ síbi kan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ẹ̀dà àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, ẹ̀rí ti lọ.

Ẹ̀kẹrin, nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan ni kí wọ́n máa tún ṣe. Mẹkáníìkì tó pààrọ̀ pọ́ǹpù, púlọ́ọ̀gì àti bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó jẹ́ àrùn.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n fi bírò àti ìwé ṣírò owó ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n fi wé ti kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tó sọ pé ó ti tán.

OHUN TÍ A BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ ÀWỌN Ọ̀GÁ

A ti kọ̀wé sí wọn lórúkọ ẹ̀ka. A ní kí wọ́n máa sọ fún ẹgbẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀rọ tàbí ètò tí owó wa ń gbà kọjá. A ní kí ti àtijọ́ àti ti tuntun jọ ṣírò owó oṣù kan, kí a fi wé ara wọn, kí wọ́n tó pa ti àtijọ́ tì. A ní kí àṣìṣe ẹ̀rọ má ṣe di gbèsè sí òṣìṣẹ́ lọ́rùn, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tàbí akọ̀wé ọ́fíìsì. Abala 13 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé wákàtí tó bá lé lórí wákàtí iṣẹ́ tí a fohùn ṣọ̀kan lé, ófátáìmù ni. Òfin kò sọ pé àfi bí kọ̀ǹpútà bá rí i. Wọ́n gba ti ẹ̀dà àti ti ìṣirò oṣù kan. Èyí tó kù, a ṣì ń bá wọn sọ ọ́, a kò sì ní dákẹ́.

Tiyín ńkọ́? Olúkúlùkù kí ó ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ àkókò tí ẹ wọlé àti àkókò tí ẹ jáde. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ kọ ibi tí ẹ lọ, kí ẹ sì tọ́jú wébíìlì. Ẹ má kọ 01/05 o. Ẹ kọ ọ́ gbangba: ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Karùn-ún. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ tàbí ẹnì kejì rẹ̀ bá a kọ ọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Arákùnrin tí a ń fi ìwé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ wà láàárín wa níhìn-ín. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá wa pàtẹ́wọ́ fún un.

Kọ̀ǹpútà kò bá wa dúró nídìí ẹ̀rọ lóru, kò sì jókòó sínú tírélà lọ́nà márosẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ sí i nínú ló ń sọ. Àwa la mọ ọjọ́ tí a ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi hàn ara yín.

 Ìṣọ̀kan wa kò ní bàjẹ́ o.